Lẹ́tà Tí Wọ́n Kà Sókè Nílé Ọtí

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ kì í fẹ́ fóònù, ẹ ní ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì, ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ó dáa, mo ti kọ ọ́, mi ò sì ní fi oyin sí i.

Àbúrò mi obìnrin tí ẹ jọ ń gbé ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní ó ti tó oṣù márùn-ún tí ẹ ti ń tọ̀ sára. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti gbé bẹ́ẹ̀dì yín sẹ́yìn ilé kí oòrùn lè pa òórùn inú ẹ̀. Ó ní ẹ ti rán sòkòtò dúdú mẹ́ta fún ara yín, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹni tó ń wọ dúdú lójoojúmọ́ kò mọ aṣọ í wọ̀. Nígbà tó béèrè, ẹ ní dúdú ló ń gba ìdọ̀tí. Bàbá, ìdọ̀tí wo? Ọmọ télọ̀ ni èmi náà. Mo mọ ìdí tí ọkùnrin fi ń sá fún kákí.

Mo sì mọ ibi tó ti wá. Ọtí ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Ọlọ́run dá, tí ẹ bá ti bo ẹ̀rọ tán, ó di ilé ọtí Ìyá Tútù, obìnrin tí bíà rẹ̀ kì í gbóná láé. Ìgò mẹ́rin, nígbà míì márùn-ún, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ẹ̀yin àti onígbàjámọ̀. Ẹ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Àpòòtọ̀ yín kì í ṣe àgbá. Ẹ ń da ọtí sí i lókè, ó wá ń yà yín lẹ́nu pé ó ń jò nísàlẹ̀.

Ẹ má mu mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo ń bẹ̀. Ìtìjú tí ẹ ń kó bá wa ti tó. Tí ẹ ò bá sì gbọ́ tèmi, mo mọ ẹni tí yóò gbọ́.

Ọmọ yín ọkùnrin kan ṣoṣo.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta

Ìwọ dírẹ́bà bọ́ọ̀sì,

Mi ò kí ọ. Ẹni tó mọ̀ pé òun ní bàbá ni wọ́n ń kí.

Lẹ́tà rẹ dé ní Ọjọ́bọ̀. Mo kà á, mo ká a, mo tì í sábẹ́ ẹ̀rọ. Mo ní ọmọdé ló ń ṣe é, ọmọdé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Mi ò mọ̀ pé tèmi kọ́ ni èyí tó lóró. Mi ò mọ̀ pé o ti kọ èkejì sí Ìyá Tútù.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, kí o lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ. Ọjọ́ Sátidé ni. Bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ilé ọtí kún, kò sí àyè ẹsẹ̀. Ìyá Tútù jáde láti ẹ̀yìn kàńtà, àpòòwé lọ́wọ́, inú ẹ̀ ń dùn. Ó ní, “Bàbá Télọ̀, ọmọ yín kọ̀wé sí mi láti òkè òkun! Èmi náà ti dẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí!” Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, orí mi wú. Mo rò pé o ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà ni, pé ó ń bá ọ mójú tó mi. Kò lè kàwé láìsí awò ojú, awò ẹ̀ sì wà nílé. Ó na lẹ́tà náà sí onígbàjámọ̀. Ó ní, “Kà á sókè, kí gbogbo wa jọ gbádùn ẹ̀.”

Onígbàjámọ̀ gbóhùn sókè bí ẹni tó ń ka ìròyìn: “Màmá, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá bàbá mi dúró. Ẹ má ta bíà fún wọn mọ́. Wọn ò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, wọ́n ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bí ọmọ ọwọ́...”

Ibẹ̀ ló ti mọ ohun tó ń kà. Ó panu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Ẹnì kan nídìí tẹlifíṣọ̀n ní, “Ẹ yẹ bẹ́ǹṣì yẹn wò kí ẹ tó jókòó o!” Ẹ̀rín bú. Ìyá Tútù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó já ìwé náà gbà, ó fún un mọ́wọ́, ó ń sọ pé, “Bàbá, ẹ dákun. Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀.”

Mo fẹ́ dìde kí n máa lọ. Ṣé o mọ ohun tí kò jẹ́ kí n dìde? Ìjáyà yẹn ti ṣe tiẹ̀ lára mi. Mo jókòó sínú omi ara mi títí bọ́ọ̀lù fi parí, títí tí gbogbo wọn fi lọ tán.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin tó gbé aṣọ funfun wá, èyí tí ọmọ ẹ̀ fẹ́ fi ṣègbéyàwó, dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Kò wọlé. Mo ti gé aṣọ náà tán, ó ku kí n rán apá mọ́ ọn. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Aṣọ funfun ni.” Ó kó o lọ ní gígé bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo ti ń ránṣọ. Kò sí ẹni tó gba aṣọ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ mi rí.

O ní kí n má mu mọ́. Ó dáa, mi ò mu mọ́. Bíà ò ní kan ẹnu mi, tíì ò ní kàn án. Omi pàápàá, ife kan láàárọ̀, ó parí. Tí nǹkan kan ò bá wọlé, ká wá wo ohun tí yóò jáde. Má kọ̀wé sí mi mọ́. Èyí tó bá dé, mi ò ní ṣí i.

Télọ̀ tí o tú ìdí rẹ̀ fáyé.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ ní kí n má kọ̀wé. Mo ti kọ ọ́ náà nìyẹn. Ẹ kú ìbínú.

Mi ò ní kí wọ́n kà á sókè. Mo kọ “ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kà á” sẹ́yìn àpòòwé yẹn gàdàgbà gàdàgbà. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé obìnrin tí kò ríran dáadáa ni mò ń kọ̀wé sí? Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa: irọ́ wo ló wà nínú ohun tí mo kọ?

Àti pé ẹ̀yin, ẹ̀yin gan-an, lẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ ìtìjú? Ọmọ ọdún méje ni mí. Mo tọ̀ sílé. Ẹ ò nà mí, ì bá sàn kí ẹ nà mí. Ẹ ní kí n gbé ẹní mi lérí, kí n rìn láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìdí ẹ̀rọ omi, kí n sì padà, ní àkókò tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Omi ẹní ń kán sí mi létí. Ẹ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ ń wò mí láti ojú fèrèsé, ẹ̀yin àti àwọn oníbàárà jọ ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ wo Olómi bó ṣe ń bọ̀!” Ẹnu yín ni orúkọ yẹn ti jáde. Olómi ni wọ́n ń pè mí títí mo fi jáde iléèwé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ má kọ́ mi ní ohun tí wọ́n ń pè ní ìdójútì. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ.

Nípa omi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bíà ni mo sọ, mi ò sọ omi. Kò sí ẹni tó ń fi òǹgbẹ wo ara ẹ̀ sàn. Ẹ mu omi.

Ọmọ yín.


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ó ti lé lóṣù kan, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo pe fóònù yín, ẹ ò gbé e. Mo pe àbúrò mi, ó ní ẹ ní kí òun sọ pé ẹ ò sí nílé, mo sì ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ yín lẹ́yìn ẹ̀ tó ń sáré.

Tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Mo lè gba èébú. Ẹ kàn jẹ́ kí n gbóhùn yín. Ṣé ẹ ń mu omi?

Èmi ni.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àtijọ́. Orí àga ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí, ẹ má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí. Bàbá wà láàyè. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹ lè ráyè ka ìyókù.

Inú ń bí mi sí yín. Ó ń bí mi sí Bàbá náà, ṣùgbọ́n Bàbá ń sùn lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mo rí bá jà. Abẹ́ ahọ́n ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún yín. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè gbà mí nímọ̀ràn dókítà, ẹ wá gbé e lọ sílé ọtí. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ tí Bàbá ń bá mi sọ ò ju “mo ti jẹun” lọ. Lẹ́tà yín méjèèjì tó tẹ̀lé e, wọn ò ṣí i. Èmi ni mo ṣí i lánàá. Mo rí i níbẹ̀ pé ẹ ní kí wọ́n mu omi. Ta lẹ rò pé ó kà á?

Ife omi kan láàárọ̀, bí wọ́n ṣe sọ náà ni wọ́n ṣe é. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sunkún. Mo bu omi sí ọbẹ̀ títí ọbẹ̀ ò fi mọ̀ pé ọbẹ̀ lòun, wọ́n wo inú abọ́, wọ́n wo ojú mi, wọ́n dìde. Ètè wọn bó. Ìtọ̀ náà ò sì dín. Ó kàn ki ni, ó pọ́n bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná, ó ń ta wọ́n. Wọ́n á sáré lọ nígbà ogún kí ẹ̀kán méjì tó já bọ́, tí wọ́n bá sì padà jókòó, ìyókù á tú sára. Ẹ gbọ́ o: kò sí bíà, kò sí omi, wọ́n ṣì ń tọ̀ sára. Ṣé ọtí náà nìyẹn?

Sátidé tó kọjá ló dí pátápátá. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ẹ̀kán kan ò jáde. Ní nǹkan bí agogo méjì, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ dákẹ́ lójijì. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti di tábìlì mú, òógùn bò wọ́n, ìsàlẹ̀ ikùn wọn le bí òkúta. Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní, “Ta ló tún fẹ́ ka tèmi sókè níbẹ̀?” Onígbàjámọ̀ ni mo sá lọ pè. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà. Ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú orí tó fá dé àbọ̀, ó gbé Bàbá pọ̀n dé ìdí ọkọ̀. Ó ń sọ lójú ọ̀nà pé, “Bàbá, èmi ni mo kà á, ẹ jẹ́ kí n gbé yín.” Bàbá di èjìká ẹ̀ mú.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ojú ara wọn dé àpòòtọ̀. Ìtọ̀ tó jáde lé ní lítà kan àtààbọ̀. Bàbá sunkún. Ìtura ló ń pa wọ́n lẹ́kún.

Dókítà náà, obìnrin ni, kò tó mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n inú bí i ju gbogbo wa lọ. “Ta ló ní kí bàbá yìí má mu omi?” Ó ní kókó kan wà lọ́rùn àpòòtọ̀ tó jẹ́ ọkùnrin nìkan ló ní in, pọ́sítéètì ni wọ́n ń pè é. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó lè máa wú, kó sì máa fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Ó ní bíà ń dá kún un, tíì àti kọfí náà ń dá kún un, torí wọ́n ń lé ìtọ̀, wọ́n sì ń ru àpòòtọ̀ sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá fún omi, ìtọ̀ ẹ̀ á ki, á máa ta àpòòtọ̀, àìsàn míì á tún gbabẹ̀ wọlé. Ó ní, “Kí wọ́n mu omi dáadáa lọ́sàn-án, kí wọ́n dín in kù tó bá dìrọ̀lẹ́. Kí ló le níbẹ̀? Oṣù mẹ́jọ! Kí lẹ ń ṣe fún oṣù mẹ́jọ?”

Ìjà lẹ́tà là ń jà, Ẹ̀gbọ́n. A fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí ẹ wá sílé lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ dìde nídìí oúnjẹ kan ṣoṣo. Mo rí yín. Mi ò kọ̀wé sí ìyàwó yín, mi ò kọ̀wé sí ọ̀gá yín. Ẹ ro ìyẹn wò.

Àbúrò yín.


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu. Ẹ kú ìrora. Mo ní kí àbúrò mi fi èyí lé yín lọ́wọ́ kó sì jáde nínú yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Wákàtí mẹ́wàá ni mo ń wa bọ́ọ̀sì lóòjọ́. Ife kọfí mẹ́fà kí n má baà sùn, bíà mẹ́ta tí mo bá délé kí n lè sùn. Ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan wà lábẹ́ ìjókòó mi, mo fi aṣọ bò ó. Lọ́jọ́ kẹta oṣù Kejì, ìgò náà ti kún. Èèyàn méjìdínlógójì ló wà nínú ọkọ̀. Mo dúró níbi tí kò sí ibùdókọ̀, mo já bọ́ sílẹ̀, mo forí lé ẹ̀yìn ògiri kan. Mi ò débẹ̀.

Mo padà wọ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú wo sòkòtò iṣẹ́ mi, ó wo ojú mi, ó wá yíjú sí fèrèsé, ojúure tó lè ṣe fún mi nìyẹn. Ọkùnrin kan lẹ́yìn kígbe pé, “Dírẹ́bà ti mutí yó!” Kọfí nìkan ló wà nínú mi. Wọ́n fẹjọ́ sùn, ọ̀gá mi fún mi ní ìwé ìkìlọ̀. Ó bi mí léèrè pé kí ló ṣe mí. Mo ní ẹ̀rọ ọkọ̀ ló gbóná.

Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni mo kọ lẹ́tà méjèèjì yẹn, sí ẹ̀yin àti sí Ìyá Tútù. Ìbínú tí mi ò lè bí sí ara mi ni mo dì sínú àpòòwé, mo fi ránṣẹ́ sí yín.

Mi ò gba ọ̀rọ̀ ẹní padà o. Ó ṣẹlẹ̀, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ilé ọtí yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Mi ò ní àwíjàre kankan.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Má rò pé ìjà ti parí torí pé mo kí ọ.

Wọ́n ti dá mi padà sílé. Rọ́bà yẹn ṣì wà lára mi, àpò ìtọ̀ kan sì wà tí wọ́n so mọ́ mi nítan. Mo rán aṣọ tí mo fi ń bò ó, mo fi sípù sí i. Nọ́ọ̀sì rí i, ó ní kí n bá òun rán mẹ́fà fún àwọn bàbá tó kù ní wọ́ọ̀dù. Mo ti rán mẹ́rin. Mo ń mu omi. Àbúrò rẹ á dúró tì mí bí ọlọ́pàá títí ife á fi gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹní. Mo ti ka lẹ́tà yẹn, mo kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣe ń tọ́mọ nígbà yẹn. Irọ́ ni. Màmá rẹ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, bẹ̀ mí pé kí n yé e. Mi ò yé e, torí àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọn sì ń dùn mọ́ mi. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Mi ò mọ bó ṣe ń rí lára àfi ọjọ́ tí wọ́n fi èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo jẹ̀bi rẹ.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà jẹ̀bi mi, èyí ò sì pa ìyẹn rẹ́. Aṣọ funfun yẹn ò padà wá. Télọ̀ mìíràn ló rán apá mọ́ ọn. Mo rí ọmọ náà nígbà tó ń kọjá nínú ẹ̀, apá òsì ga ju ọ̀tún lọ. Inú ṣì ń bí mi. Mo ń bá a jí bí ẹni tó ń bá eyín dídùn jí.

Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Tútù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kó fún mi lómi. Ẹni tó sọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ yẹn wà níbẹ̀, ìgò kẹta wà níwájú ẹ̀. Mo ká ẹsẹ̀ sòkòtò mi sókè, mo fi àpò hàn án. Mo ní, “Wò ó dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti jókòó, ẹ̀ẹ̀melòó ni ìwọ ti lọ sẹ́yìn ilé?” Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń lọ, ó tẹ̀lé mi dé kọ̀rọ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní níbo ni dókítà yẹn wà. Inú ṣì ń bí mi sí i. Mo júwe ibẹ̀ fún un.

Mi ò bá tí kọ èyí, mo ti búra. Dókítà ló fà á. Ó ní ṣé mo lọ́mọ ọkùnrin. Mo ní ẹyọ kan. Ó ní ọmọ ọdún mélòó, mo sọ fún un. Ó ní àìsàn yìí lè tẹ̀lé bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, kí n má fi pamọ́ fún ọ. Nítorí náà, lọ ṣe àyẹ̀wò. Gba ìwé lọ́wọ́ dókítà ibẹ̀, gbé e fún ọ̀gá rẹ, sọ fún un pé àìsàn ni, kì í ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀. Da ìgò yẹn nù. Dín kọfí kù, dín bíà kù, má dín omi kù. Má ṣe bí èmi ti ṣe.

Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Keje, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Àbúrò rẹ ti fọwọ́ sí ìwé. Onígbàjámọ̀ ní òun ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Àga mẹ́ta ló wà lẹ́nu yàrá yẹn fún àwọn tó bá ń dúró de èèyàn.

Mi ò ní kí o wá o. Ọjọ́ àti agogo ni mo sọ.

Bàbá rẹ.